Ìdíkọ̀ Tí Kò Ní Olùtọ́jú

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́sẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ibi kékeré kan tí ó jìnnà sí wa púpọ̀, ní ilẹ̀ Jàpáánì, níbi tí ọkọ̀ rélùwéè ń dúró láàárín igbó àti òkè, tí kò sí ọ̀gá ìdíkọ̀ níbẹ̀, tí kò sí agbatíkẹ́ẹ̀tì, tí abúlé tí a tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ kò sì sí mọ́. Orúkọ ibẹ̀ ni Kowada. Ẹlòmíràn lè bèèrè pé, Kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Àwa pẹ̀lú bi ara wa ní ìbéèrè yìí kí a tó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti rí i, kò kúrò ní ọkàn wa, nítorí ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ nípa ìṣòótọ́ níbi tí ojú ènìyàn kò tó, àti nípa gbèsè tí ó wà lọ́rùn wa sí àwọn tí a kò mọ̀ rí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ bí ilẹ̀ náà ti rí. Ní àárín Honshu, èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn erékùṣù Jàpáánì, odò kan wà tí a ń pè ní Tenryu, tí ó ń ti àárín òkè ṣàn lọ sí òkun. Ojú irin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Iida ń bá odò náà rìn fún ọ̀nà jíjìn. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Toyohashi ní ìhà òkun, ó sì parí ní Tatsuno ní ìhà òkè. Gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 196, ìdíkọ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ sì jẹ́ 94. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ tí ń dúró ní gbogbo ìdíkọ̀ wọ̀nyí yóò lo bí wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó dé òpin. Láti Toyohashi dé Kowada tó kìlómítà 84. Ìpínlẹ̀ Shizuoka ni ó wà, nítòsí ibi tí òun àti ìpínlẹ̀ Aichi àti ti Nagano ti pààlà, pátákó kan sì wà ní ìdíkọ̀ náà tí ó ń fi èyí han àlejò.

Ohun kan wà tí yóò mú kí ojú irin náà má ṣe àjèjì pátápátá sí àwọn àgbà wa. Nígbà tí àwọn ará Jàpáánì ṣí rélùwéè wọn àkọ́kọ́ ní 1872, láti Shimbashi ní Tokyo dé Yokohama, àlàfo tí wọ́n fi sáàárín irin méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íńṣì 6. Àlàfo yìí kan náà ni a fi sáàárín irin rélùwéè tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti Iida. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ wa àtijọ́ yẹn rí, tí ó sì rántí bí ó ti ń mì lọ́tùn-ún lósì tí ó sì ń rọra fà nígbà tí ojú irin bá wọ́, ti mọ díẹ̀ nínú ìrìn tí à ń wí yìí.

Ọ̀sán ni a sọ̀kalẹ̀ ní Kowada, àwa nìkan ni a sì sọ̀kalẹ̀. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ọkọ̀ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, gba tíkẹ́ẹ̀tì wa. Ó wo ojú wa, ó sì fi ìka rẹ̀ tọ́ka sí wákàtí tí ọkọ̀ mìíràn yóò dé nínú ìwé àkókò ọkọ̀, bí ẹni tí ó fẹ́ kí ó dá òun lójú pé a kò ṣìnà. Nígbà tí a tẹrí ba láti fi hàn pé ó yé wa, òun náà tẹrí ba. Lẹ́yìn èyí ni ó ṣe ohun kan tí ó yà wá lẹ́nu. Ó dúró ṣánṣán lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ó na ọwọ́ rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka láti ìpẹ̀kun pèpéle kan dé ìpẹ̀kun kejì, ó sì fi ohùn ketekete sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nígbà náà ni ó tó ti ilẹ̀kùn, ọkọ̀ sì lọ.

Àṣà àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Jàpáánì ni èyí, ó sì ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá. Ohun tí wọ́n bá ní láti yẹ̀ wò, ìbáà ṣe àmì tí ó wà lójú ọ̀nà, tàbí ilẹ̀kùn, tàbí aago, wọn kì í fi ojú lásán wò ó. Wọ́n á fi ìka tọ́ka sí i, wọ́n á sì dárúkọ rẹ̀ sókè, kí ojú, ọwọ́, ẹnu àti etí lè jọ ṣe ẹlẹ́rìí pé a ti wò ó ní tòótọ́. Wọ́n ti rí i pé ọ̀nà yìí ń dín àṣìṣe kù gidigidi. Ní Tokyo, níbi tí èrò ti pọ̀ bí eéṣú, kò lè ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé a ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ní Kowada, kí ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń wò? Àwa nìkan ni a wà lórí pèpéle. Lọ́jọ́ tí a kò bá sì sí níbẹ̀, igi àti òkúta nìkan ni yóò wà, yóò sì tún na ọwọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. A rò ó lọ, a rò ó bọ̀, a sì rí i pé nínú nǹkan kékeré yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ kì í kọ́kọ́ ka iye ojú tí ń wò ó.

Nígbà tí ariwo ọkọ̀ ti pa lẹ́yìn òkè, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ilé pákó ni ilé ìdíkọ̀ náà, òun gan-an ni a sì kọ́ nígbà tí a ṣí ibẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1936. Kò sí ẹni tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ yóò san owó rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́ fún àlejò. Nínú rẹ̀ ni ìjókòó wà, àti ìwé kan tí àwọn tí ó bá ibẹ̀ wá ń kọ èrò ọkàn wọn sí. Àwa náà kọ orúkọ wa sí i ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀ ní pípé, inú wa sì dùn.

Kò sí ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà dé Kowada. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró ni ó sọ̀kalẹ̀ láti ìdíkọ̀ sí ìhà omi. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀, a rí ilé kan tí ó ti di ahoro, níbi tí a ti ń sá ewé tíì tẹ́lẹ̀ rí. Lẹ́bàá ọ̀nà náà ni ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kékeré kan wà, tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán, tí koríko sì ti yọ nínú rẹ̀. A dúró tì í. Báwo ni mọ́tò ṣe dé ibi tí mọ́tò kò lè dé? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ibẹ̀ kì í ṣe aginjù nígbà kan. Àwọn ènìyàn wà níbẹ̀ tí wọ́n ní oko tíì, tí wọ́n ní ọ̀nà, tí wọ́n ń kó ẹrù wọn lọ tí wọ́n sì ń kó o bọ̀, tí àwọn ọmọ wọn ń gun àtẹ̀gùn lọ wọ ọkọ̀. Ìdíkọ̀ kò ṣí kúrò. Abúlé ni ó ṣí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìtàn bí èyí ti ṣẹlẹ̀ kò yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní 1927 ni a dá ilé-iṣẹ́ Sanshin sílẹ̀ láti la ojú irin gba àfonífojì Tenryu kọjá. Ibẹ̀ burú jọjọ: òkè dúró bí ògiri ní ìhà méjèèjì, odò sì ń ru ní ìsàlẹ̀. Kí a tó lè la ọ̀nà, ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè fún iṣẹ́ náà ni Kawamura Kaneto, tí a bí ní 1893 ní Asahikawa ní erékùṣù Hokkaido, ní òkè réré ìhà àríwá. Ọmọ Ainu ni. Àwọn Ainu ni wọ́n ni ilẹ̀ Hokkaido kí àwọn ará Jàpáánì ìyókù tó wá tẹ̀ dó síbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Èdè wọn yàtọ̀, àṣà wọn yàtọ̀, a sì ti fojú tín-ín-rín wọn fún ìgbà pípẹ́. Ọdún 2019 ni òfin Jàpáánì ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n ní ọmọ onílẹ̀.

Kawamura ti fi ìgbà èwe rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ fún rélùwéè ní Hokkaido, ó sì mọ̀ ọ́n dójú àmì. Òun àti àwọn Ainu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Tenryu, wọ́n rọ̀ mọ́ ara òkè tí àwọn ẹlòmíràn ń bẹ̀rù, wọ́n sì wọn ọ̀nà náà láti ibi òkúta dé ibi òkúta. Lẹ́yìn èyí a tún fi ṣe alábòójútó nínú iṣẹ́ kíkọ́ ọ̀nà náà. Ìwọ̀sí kò sì jìnnà sí i: àwọn kan wà lára àwọn òṣìṣẹ́ tí ó rò pé àbùkù ni kí ọmọ Ainu máa pàṣẹ fún àwọn. Ṣùgbọ́n ó fara dà á, iṣẹ́ sì ń lọ. Àwọn ará Koria pọ̀ pẹ̀lú lára àwọn tí ó gbẹ́ àwọn ihò abẹ́ òkè náà. Ní 1930 wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí a kò san owó ọ̀yà wọn fún wọn. Oṣù Kẹjọ ọdún 1937 ni a parí ojú irin Sanshin. Ní 1943 ìjọba gbà á, ó sì di apá kan ọ̀nà Iida. Kawamura padà sí ìlú rẹ̀, ó ń bójú tó ilé tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1916 fún ìpamọ́ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Ainu, títí ó fi kú ní 1977.

Bí ọ̀nà ti ṣe wá nìyẹn; ẹ jẹ́ kí a wá sọ bí abúlé ti ṣe lọ. Lẹ́yìn ogun ńlá tí ó parí ní 1945, ilẹ̀ Jàpáánì ń wá iná mànàmáná lójú méjèèjì, nítorí láìsí iná, kò lè tún ara rẹ̀ kọ́. Láàárín 1953 àti 1956 ni a mọ odi Sakuma dí odò Tenryu, ní ìsàlẹ̀ Kowada. Gíga odi náà ju mítà 155 lọ, iná tí ó ń mú wá sì ń lọ sí ìhà Tokyo àti sí ìhà Nagoya. Iṣẹ́ ńlá ni, ilẹ̀ Jàpáánì sì fi í yangàn. Ṣùgbọ́n omi tí a dí lójú kò ní ibòmíràn láti lọ ju orí ilẹ̀ àwọn ènìyàn. Ní 1955 a ní láti yí apá kan ojú irin náà gba àfonífojì mìíràn, nítorí omi yóò bo ti àkọ́kọ́. Ìdíkọ̀ Kowada wà lókè díẹ̀, nítorí náà ó bọ́. Ilé àti ilẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò bọ́. Àwọn ènìyàn kó ẹrù wọn, wọ́n sì lọ. Ọmọ kan ní ìlú ńlá tan iná láti kàwé lálẹ́, kò sì mọ̀ pé ẹnìkan ti fi ààrò ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún omi kí iná náà lè tàn.

Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà kí ayé tó tún gbọ́ orúkọ ibẹ̀, ohun tí ó sì fà á yóò pa ẹ̀yin ìyá lẹ́rìn-ín. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1993, Naruhito, àrẹ̀mọ ọba Jàpáánì nígbà náà, gbé Masako níyàwó. Orúkọ ìdílé ìyàwó ni Owada. Bí a bá sì kọ ọ́ ní ọ̀nà ìkọ̀wé àwọn ará Jàpáánì, kò yàtọ̀ sí bí a ti ń kọ Kowada. Ní ẹnu nìkan ni wọ́n ti yà. Àwọn ènìyàn rí èyí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ lọ sí ìdíkọ̀ náà, pàápàá jù lọ àwọn tí ó ń múra ìgbéyàwó, kí wọ́n lè rí oríire níbẹ̀. Ọkọ àti ìyàwó yẹn ni ó gorí oyè ní 2019. Bẹ́ẹ̀ ni ibi tí kò ní ẹyọ ilé kan tí ń rú èéfín nítòsí rẹ̀ ti ṣe gba àlejò ìgbéyàwó.

Nísinsin yìí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Ṣé ó yẹ kí ọkọ̀ máa dúró níbi tí kò sí ènìyàn? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti Kowada nìkan. Ní 2020, ó súnmọ́ ìdajì nínú gbogbo ìdíkọ̀ rélùwéè Jàpáánì tí kò ní òṣìṣẹ́ kankan. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sí ìlú ńlá, àwọn arúgbó ń kú, ọmọ tí a ń bí kò sì tó láti dí ipò wọn. Owó ni a fi ń tún pèpéle ṣe, owó ni a fi ń gé igi tí ó bá wó sójú irin, òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ní láti jẹun. A kò lè bá àwọn tí ń ṣírò owó wí bí wọ́n bá ní kí a ti ibì kan. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2016, ìdíkọ̀ mẹ́ta ní agbègbè Shirataki ní Hokkaido ni a tì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ayé kò sì parun.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú. Ní Hokkaido yẹn kan náà, ìdíkọ̀ kan wà tí ń jẹ́ Koboro, tí ihò abẹ́ òkè wà níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, tí òun náà kò sì ní ọ̀nà mọ́tò. Ní 2015, ilé-iṣẹ́ rélùwéè sọ fún ìlú Toyoura, tí ó ni ilẹ̀ ibẹ̀, pé òun ń fẹ́ tì í. Ìlú náà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọn kò sì fi ẹnu nìkan kọ̀ ọ́: wọ́n gbà láti máa san owó ìtọ́jú rẹ̀, láti 2016. Ohun tí ó wù wá nínú èyí ni pé wọn kò sọ pé kí ẹlòmíràn fẹ́ràn rẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ó bá ní nǹkan ṣọ̀wọ́n, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan àpò ara rẹ̀.

Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí a fi iye àwọn tí ń lo nǹkan nìkan díwọ̀n rẹ̀. Ó yẹ kí a tún bèèrè pé, Ta ni ó san owó rẹ̀ ṣáájú wa, kí ni ó sì fi san án? Bí a bá ti Kowada lọ́la, ohun tí yóò dun àwa kì í ṣe pákó àti irin. Ohun tí yóò dùn wá ni pé ibẹ̀ ni ibi ìkẹyìn tí ẹni tí ń kọjá ti lè sọ̀kalẹ̀ kí ó sì rí omi náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, kí ó sì bèèrè ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà wa wí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Àwa fi kún un pé ìlú tí ó bá gbàgbé àwọn tí ó fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀ fún un, bí iná rẹ̀ tilẹ̀ ń tàn lọ́sàn-án àti lóru, òkùnkùn wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé, tí ẹ ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn lóru nígbà tí ọ̀gá ti lọ sùn, ẹ rántí kọ̀ńdọ́kítọ̀ tí ó nawọ́ sí pèpéle òfìfo. Kì í ṣe nítorí ìyìn ni ó ṣe é, nítorí kò sí ẹni tí yóò yìn ín níbẹ̀. Ó ṣe é nítorí pé lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí ọmọdé bá ṣubú sí ẹ̀bá ọkọ̀, ọwọ́ tí kò bá ti mọ́ ọn lára láti máa na ara rẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní rántí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe máa yin ọmọ fún kìkì ohun tí ó ṣe lójú àlejò. Ẹ máa wo ilé ìdáná lẹ́yìn tí àlejò bá ti lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni a sì fẹ́ bẹ̀ yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ pe ẹni tí ó dàgbà jù nínú ilé, kí ẹ bi í léèrè pé, Ta ni ó la ọ̀nà tí ó wọ ìlú wa? Ta ni ó gbẹ́ kànga tí a kọ́kọ́ pọn omi nínú rẹ̀? Ilẹ̀ ta ni ilé ẹ̀kọ́ wa dúró lé lórí, kí ni a sì fún un? Kí ọmọ tí ó mọ̀wé jù kọ àwọn orúkọ náà sínú ìwé, ní kíkún, pẹ̀lú gbogbo àmì orí wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ni orúkọ wọ̀nyí ni a kò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n wà láàyè. A tilẹ̀ ti lè fi àwọn mìíràn ṣẹ̀sín. Ẹni tí ó bá mọ inú rò ni yóò mọ ọpẹ́ dá. Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.